Òmìrán Inú Ihò Òróró

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Igi ìfúntí, igi gígùn tí a fi ń tẹ ólífì, ti là. Kì í ṣe pé ó sán díẹ̀ o, ó là láti orí dé ìdí, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, láàárọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún òróró. Òkúta tí a so mọ́ ọn já lulẹ̀, ó fọ́ ìkòkò méjì, kò pa ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí Yádúà, nítorí láti ìgbà ìkórè ọkà ni mo ti ní kó yẹ igi yẹn wò.

"Màmá, mo wò ó."

"Kí lo rí?"

"Igi ni mo rí."

Olórí òṣìṣẹ́ mi nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹnu rẹ̀ ni mò ń bá jà.

Ólífì gbogbo abúlé ti kún àgbàlá mi. Bó bá pẹ́ nílẹ̀ yóò gbóná, yóò bu, òróró rẹ̀ yóò sì máa rùn. Igi kédárì tí mo rà ní Tírè wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn ju ihò àtijọ́ tí a ti ń fún òróró lọ, n kò sì ní gé e kúrú. A ó gbẹ́ ihò tuntun sínú òkè, ní ìsàlẹ̀ ilé mi. Àwọn àgbà ní kí á fara balẹ̀ kí á kọ́kọ́ rò ó. Mo ní kí wọ́n máa rò ó lọ, àwa ti ń gbẹ́.

Pẹnína ọmọ mi jẹ ẹ̀wà lẹ́ńtìlì lónìí, kò bì í. Oyún yìí ti kọjá ibi tí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ó ti kọjá ibi tí èkejì náà ti bàjẹ́. N kò lè fi ẹnu mi sọ ọ́ fún un. Mo kàn kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ keje

Òkè náà rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ó ń wó bí àkàrà gbígbẹ. Àwọn ọkùnrin ń kọrin. Ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ti wọ́n lọ́jà, mo ra alíkámà dípò rẹ̀.

Hanamẹli ọkọ Pẹnína ránṣẹ́ láti Dámásíkù: àwọn ará wa níbẹ̀ ń fẹ́ òróró tí ó mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin, wọn kò fẹ́ èyí tí ọwọ́ àwọn Gíríìkì kàn. Wọn yóò san ìlọ́po méjì. Mo ka ìwé náà sí Yádúà létí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n lọ fọwọ́." Ó sì lọ fọwọ́ lóòótọ́.

Kò tíì sí òjò. Ìkùukùu ti jókòó lórí òkè Hámónì látàárọ̀, kò kúrò.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Orin dákẹ́ lójijì. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ kí n tó dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn ti jáde sínú oòrùn, wọ́n kó irin iṣẹ́ sílẹ̀ sínú ihò. Yádúà nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Eegun itan ni. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ó yọ lára ògiri láti ilẹ̀, ó ga ju Yádúà lọ, Yádúà kì í sì í ṣe ẹni kúkurú. Orúnkún rẹ̀ tóbi bí ọlọ.

Wọ́n ti sáré pe Eliaṣíbù àlùfáà. Ó dé, ó dúró sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ lókèèrè, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni tí ẹrẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá Pẹnína! Ṣé ti ènìyàn ni?"

"Bàbá, ẹ wá wò ó fúnra yín!"

"Ṣé orí ẹ pé? Bó bá jẹ́ òkú ènìyàn, tí mo wọ abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹ̀, mo ti di aláìmọ́ nìyẹn!"

"Itan rẹ̀ nìkan ga ju Yádúà lọ!"

  Ó yí ojú sí ọ̀nà Hámónì, kò nawọ́ sí i, ó tún yíjú padà kíákíá. Gbogbo wa ni a rí i. Kò sí ọmọ abúlé yìí tí kò mọ àwọn áńgẹ́lì tó sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè yẹn látọ̀run, àti àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́, àti àwọn òmìrán tí wọ́n bí lọ́mọ.

Mo bi í léèrè pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ńkọ́, ṣé òkú òmìrán ń sọ òróró di aláìmọ́ bíi ti ènìyàn?

Ó fọwọ́ fa irùngbọ̀n. "Ìyá rẹ̀, ènìyàn ni. Bàbá rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Bàbá mi ò kọ́ mi ní ti èyí."

"Nígbà náà ẹ má da ara yín láàmú. Erin ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún wọn. Mo dàgbà nílé àbúrò bàbá mi ní Alẹkisáńdíríà, níbẹ̀ ni mo ti kọ́ òwò, mo fi ojú mi rí erin ọba níbẹ̀. Ẹranko tó ga ju ilé lọ.

"Ṣé o ti rí eegun itan rẹ̀ rí?"

"Rárá. Mo rí itan náà tẹran-tẹran. Eegun inú ẹ̀ ò lè kéré."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló gbà mí. Àlùfáà ní bó bá jẹ́ ẹranko, kò sí èèwọ̀, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ohunkóhun tí ó jẹ́ ti ènìyàn níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ìka, kí a dáwọ́ dúró.

Wọ́n padà wọlé. Orin kò padà.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun, Yádúà wá bá mi. "Màmá, ẹran tó bá kú, ṣé kì í dùbúlẹ̀ ni?"

"Kí ló dé?"

"Èyí dúró ni. Ẹsẹ̀ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ náà. Ó dúró, ó kọjú sí wa."

Mo ní kó fi amọ̀ rẹ́ ògiri náà, kí ẹnikẹ́ni má rí i mọ́.

Ọjọ́ kọkànlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n sì pa ìwé dé.

Èmi àti Yádúà nìkan la wà nínú ihò, à ń wọn ibi tí orí igi kédárì yóò wọ̀. Ó fi ọ̀pá kan àjà ihò. Yẹ̀pẹ̀ wó, ohun kan sì já lé mi léjìká, ó bọ́ sínú ọwọ́ mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Eegun ọwọ́ ni. Ìka rẹ̀ kò tó tèmi. Ìlẹ̀kẹ̀ kan tó dúdú bí aró wà ní ọrùn ọwọ́ náà, okùn rẹ̀ ti jẹrà.

Ọwọ́ obìnrin.

Yádúà kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo rántí ólífì tó ti ń gbóná lágbàlá, àti gbogbo ilé tó ń retí owó òróró yìí kí òjò tó dí ọ̀nà. Mo rántí Dámásíkù.

"Dá a padà. Dí i. Fi ẹfun rẹ́ ẹ kó nípọn."

"Màmá..."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

Ó dí i. Mo gòkè lọ, mo fọ ọwọ́ mi, mo tún un fọ̀. Pẹnína jáde pàdé mi, ó ní ọmọ ń ta ẹsẹ̀, ó gba ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀ kí n tó lè fà á sẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Igi kédárì ti wọlé. A ti fún òróró àkọ́kọ́. Ó tutù, ó mọ́ lójú, irú èyí kò tíì jáde rí ní abúlé yìí. Ó yẹ kí inú mi máa dùn.

Igi náà ń kérora. Mo mọ̀ pé igi tuntun máa ń dún bí òkúta bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èyí kò jọ dídún igi. Ó ń ti inú ògiri wá, ó lọ sókè, ó kọjá nínú àjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn, wọn kò wò mí.

Mo délé, mo bá Pẹnína tó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Màámi, kí lẹ̀ ń fà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Òróró là ń fún."

"Ní gbogbo ìgbà tó bá dún, ikùn mi ń le bí òkúta."

Mo ní afẹ́fẹ́ inú ni. Mo ní kó jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo pe Hodeṣi agbẹ̀bí. Ìyá arúgbó yìí ló gbẹ̀bí èmi fúnra mi, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ó fọwọ́ kan ikùn Pẹnína títí. Lẹ́yìn náà ó fà mí síta.

"Kí lẹ ṣí sílẹ̀ nínú òkè yẹn, Abiháílì?"

"Ihò ìfúntí."

"Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbà sáyé ń purọ́ fún mi." Ó jókòó sórí òkúta àbáwọlé. "O mọ̀ pé nígbà tí ìkún omi àtijọ́ pa àwọn òmìrán, ara wọn nìkan ló kú. Ẹ̀mí wọn ò rí ibi lọ. Ọ̀run ò gbà wọ́n, isà òkú ò gbà wọ́n. Ebi ń pa wọ́n, wọn ò lè jẹun. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọn ò lè mu. Ta sì ni wọ́n máa ń wá bá? Obìnrin. Pàápàá aboyún. Nítorí ara obìnrin ni wọ́n ti jáde, ọ̀nà yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀."

"Erin ni, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí erin yẹn jọ̀wọ́, kó fi ọmọ yìí sílẹ̀."

Ó ta epo sí Pẹnína nídodo, ó gbàdúrà, kò gba owó. Kì í kọ owó. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò.

Ọjọ́ ogún

Òjò kò dá. Àjà ihò ń jò. Ẹfun tí Yádúà fi rẹ́ ẹ ti ń sán, omi funfun ń kán sórí igi, ó ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Mo da awọ bo àwọn ìkòkò. Bí ẹni pé awọ lè dá òkú dúró.

Yádúà kì í jẹun mọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo bi í léèrè, ó ní, "Ọwọ́ wo ni n fẹ́ fi jẹ ẹ́, Màmá?" Kò ṣẹ̀fẹ̀.

Ìkérora náà ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró tì í lónìí, mo sọ fún ara mi pé omi ló ń wọ òkè, òkè ló ń wú. Mo mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò gbà, ó gbé mi jáde.

Ọmọ kò mira láti àná. Pẹnína kò sọ fún mi, mo rí i bó ṣe ń fi ìka kan ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò dá a lójú pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Hanamẹli ti dé. Ó di òróró àkọ́kọ́ lé ìbákasíẹ láàárọ̀ yìí. Gbogbo abúlé pé sẹ́nu ibodè, kálukú ń wá ìkòkò tirẹ̀ lójú. Malúkù, tí ọgbà ólífì rẹ̀ tóbi jù, ń pariwo pé kí wọ́n so tirẹ̀ dáadáa. Eliaṣíbù ń bọ̀ wá súre fún ẹrù náà.

Mo jókòó ti Pẹnína. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó dákẹ́ bí ògiri. Mo sọ nínú mi pé: bí mo bá dìde sọ ọ́, ṣé wàá fi í sílẹ̀? N kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, bóyá Ọlọ́run ni, bóyá ẹni tó dúró nísàlẹ̀ ilé mi ni. Bí mo ṣe máa ń dúnàádúrà lọ́jà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo dìde náà.

Mo sáré nínú ẹrẹ̀, ìborùn bọ́ lórí mi. Mo di okùn ìbákasíẹ iwájú mú.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kò mọ́."

Hanamẹli ní, "Màámi, kí ni kò mọ́?"

"Òróró náà. Gbogbo ẹ̀. Òkú ènìyàn wà lájà ihò. Obìnrin ni. Mo fọwọ́ mi mú un. Mo ní kí Yádúà dí i."

 Malúkù ké. "Òróró mi! Iṣẹ́ ọdún kan! Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ tó ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé a ò mọ òwò ṣe!"

"Òótọ́ lo sọ."

"O sọ pé erin ni!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá rí kí o tó sọ òótọ́ lónìí?"

"Ọmọ mi ń kú lọ nínú ilé."

 Malúkù da ìdì tirẹ̀ kalẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, ó lọ. Eliaṣíbù ti fà sẹ́yìn jìnnà sí mi. Ó ní kí wọ́n lọ wá eérú màlúù pupa tí a fi ń wẹ ẹni tó kan òkú mọ́ láti ìlú, kí a fi omi rẹ̀ wọ́n gbogbo ilé àti gbogbo òṣìṣẹ́, kí a yọ òkú obìnrin náà kí a sì sin ín bó ṣe yẹ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ti èkejì, mi ò mọ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú wọn."

Yádúà ní òun yóò yọ ọ́. Àwọn yòókù wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Láti orí òkè ni Yádúà ti gbẹ́ ẹ sílẹ̀, kí àjà má bàa wó lé e. Èmi ni mò ń kó yẹ̀pẹ̀. A ti jẹ́ aláìmọ́ tán, kí la fẹ́ bà jẹ́? Nígbà tó yá, Hanamẹli wá, ó mú ṣọ́bìrì, kò bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pẹnína jáde, ó jókòó sórí ìjókòó lábẹ́ awọ tí a ta. Mo ní kó wọlé. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa gbọ́ ohùn ohun tí òun kò rí.

Obìnrin náà la kọ́kọ́ kàn. Orí rẹ̀, eegun ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jókòó. Kò dùbúlẹ̀. Yádúà ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

"Màmá. Ẹ wá wo ohun tó jókòó lé."

Èjìká ni. Èjìká tó fẹ̀ bí àga gígùn. Orí tó wà láàárín ẹsẹ̀ obìnrin náà méjèèjì tóbi bí ìkòkò òróró, ó gbé àgbọ̀n sókè. Apá méjèèjì nà sókè, ìka ńláńlá di obìnrin náà mú ní ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Hanamẹli ní, "Ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Wọ́n ní wọ́n ń jẹ ènìyàn."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Yádúà wí.

Pẹnína ti dìde. Ó wá sí etí ihò, òjò ń rọ̀ sí i lórí, ó wò ó títí.

"Ìyá rẹ̀ ni," ó ní.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Màámi, omi ló dé. Ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀. Omi ti dé ọrùn rẹ̀, ó ń wá èémí. Ta lẹni tí èèyàn máa gbé sókè nígbà yẹn?"

 Mo wo ọ̀nà tí ìka yẹn gbà di ẹsẹ̀ mú. Mo ti gbé Pẹnína bẹ́ẹ̀ rí, léjìká, nígbà tó kéré, tí odò kún. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tí Hanamẹli sọ ni òótọ́.

Yádúà gbìyànjú láti tú ìka náà kí á lè gbé obìnrin náà lọ sí ibi ìsìnkú. Kò tú. Bí a bá fi agbára ṣe é, eegun tirẹ̀ ni yóò fọ́. Àlùfáà ń ké láti abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń béèrè pé kí ló dé tí a fi pẹ́.

"Wọn ò ṣeé yà sọ́tọ̀, Bàbá!"

"Ẹ ò lè sin òmìrán mọ́ ọmọ Ádámù!"

"Ẹ wá yà wọ́n fúnra yín!"

Kò wá. Ó pẹ́ kó tó pariwo pé, "Ẹ bò wọ́n!"

Mo ní kí wọ́n yọ igi kédárì jáde, kí wọ́n fi òkúta kún gbogbo ihò náà. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé dídí la fẹ́ dí i. Ihò tuntun mi tán. Ólífì tó kù lágbàlá ti bu. Mo ń gbé òkúta bíi tiwọn, n kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó bo orí wọn, mo ṣa ìlẹ̀kẹ̀ náà nínú yẹ̀pẹ̀, mo dá a padà sí ọwọ́ obìnrin náà.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kò sí ìkérora. Ọmọ mira lẹ́ẹ̀kan. Hodeṣi ní kí n má dúpẹ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Obìnrin ni.

Omi Pẹnína da kí àsìkò tó pé. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ìkùukùu Hámónì ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé a kò rí ojú ara wa nínú yàrá. Mo tan fìtílà sí gbogbo igun. Pẹnína kò ké, ó ń kérora, ohùn náà sì ni. Ohùn tí mo gbọ́ nínú àjà. Ara mi tutù, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọmọ jáde, kò sọkún. Hodeṣi dì í mú ní ẹsẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbá a. Ó tún gbá a. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà dún bí ológbò kékeré.

Mo gbà á, mo gbé e sórí apá mi, mo wọ̀n ọ́n láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé orí ìka. Mo tún un wọ̀n.

"Ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún un ni?" Hodeṣi bi mí.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe gùn."

"Ó gùn bí ọmọ. Gbé e fún ìyá ẹ̀ kó mu ọmú."

Ó ń mu ún, díẹ̀díẹ̀, ó ń sùn láàárín. Kò tíì dá mi lójú. Hodeṣi ní mò ń fi òróró ṣòfò, kí n pa fìtílà mẹ́ta. Mo ní òróró tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà kún ilé mi, títí ọmọ yìí yóò fi lọ sílé ọkọ kì yóò sùn sínú òkùnkùn. Mo tún da òmíràn sí i.

Mo gbé fìtílà kan lọ sísàlẹ̀, mo gbé e sórí òkúta níbi tí ẹnu ihò wà tẹ́lẹ̀, mo fi àwo bò ó kí òjò má pa á. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ Ọlọ́run. Mo dúró níbẹ̀ títí aṣọ mi fi tutù, n kò sì mọ orúkọ tí ìyá òmìrán náà ń pè é.